Onílé Ni àbí Àlejò? Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Kànrìnkàn Ń Sọ Nípa Odò Àtijọ́

Ohun àkọ́kọ́ tó mú mi dìde lórí àga nídìí máíkírósíkóòpù rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀pá kan so pọ̀ láàárín. Ó ń dán bíi gíláàsì. Etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì rí ṣáṣáṣá bí eyín ayùn. Mo nu ojú awò, mo tún wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 20 mìlímítà kan, síbẹ̀ ó gún régé ju ohun tí alágbẹ̀dẹ lè rọ lọ. Inú ẹrẹ̀ dúdú kan ni mo ti bù ú, ẹrẹ̀ tí a wà jáde lábẹ́ pápá koríko gbígbẹ. Kò sí omi kankan nítòsí ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú omi nìkan ni ẹni tó ṣe nǹkan náà lè gbé.

Kànrìnkàn odò ni ẹni náà. Bí a bá dárúkọ kànrìnkàn, ohun tí a fi ń wẹ̀ ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí wọ́n fi ewéko ṣe. Eléyìí kì í ṣe ewéko. Ẹranko ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lójú, kò lẹ́nu, kò ní ọpọlọ, tí kì í sì í fẹsẹ̀ rìn kúrò níbi tó bá ti lẹ̀ mọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ló bo gbogbo ara rẹ̀. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, kànrìnkàn á sẹ́ oúnjẹ kúrò nínú omi náà, omi á sì gba ihò tó tóbi jáde. Inú òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹbí rẹ̀ wà. Àwọn tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀ lé díẹ̀ ní 200 ẹ̀yà, wọ́n sì wà ní gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì àfi Antarctica. Ara òkúta àti ìtì igi tó rì sínú omi ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́. Òmíràn rí pẹlẹbẹ bí èépá, òmíràn yọ ìka, òmíràn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé nítorí àwọn ewéko tíntìntín tó fi ara rẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tí kò mọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Bó ṣe ń ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Òkúta ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, òjò ń fọ sílíkà inú wọn, ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì, lọ sódò, kànrìnkàn sì ń fà á kúrò nínú omi bó ti wù kó kéré tó. Inú sẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń kó sílíkà yìí jọ yí okùn tín-ín-rín kan ká, okùn tó jẹ́ purotéènì, títí yóò fi di abẹ́rẹ́. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kànrìnkàn òkun kan dá purotéènì náà mọ̀, wọ́n sì pè é ní silicatein. Àwa ènìyàn, iná tó lé ní 1,000 °C la fi ń yọ́ iyanrìn kó tó di gíláàsì. Inú omi tútù ni kànrìnkàn ti ń ṣe tirẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn fi hàn pé lára Ephydatia fluviatilis, ẹ̀yà kan tó wọ́pọ̀ lódò, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń ru abẹ́rẹ́ tó ti gbó lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀, wọ́n á gún un nàró bí òpó, àwọn mìíràn á sì fi nǹkan lẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ka ìròyìn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀dá tí kò ní ọpọlọ ló ń kọ́lé báyìí.

Bí kànrìnkàn bá kú, ẹran ara rẹ̀ á jẹrà kíákíá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kù. Spicule ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abẹ́rẹ́ ni èmi á máa pè é níhìn-ín, torí abẹ́rẹ́ ló jọ. Àwọn kan gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà, ẹnu méjèèjì ṣóńṣó. Àwọn yìí ni òpó àti igi àjà ilé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà ló ní irú wọn, nítorí náà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó ni wọ́n. Àwọn wẹ́wẹ́ tún wà tó fọ́n káàkiri inú awọ lára àwọn ẹ̀yà kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú mi ń pọ́n kí n tó rí ni àwọn tó ń ṣọ́ gemmule.

Bí ọ̀dá bá ń bọ̀ tàbí òtútù bá fẹ́ dé, ọ̀pọ̀ kànrìnkàn odò máa ń kó díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ di kókó róbótó kan tí kì í sábà tó mìlímítà kan. Gemmule nìyẹn. Èèpo líle á bò ó, abẹ́rẹ́ á sì tò yí èèpo náà ká bí apata lọ́wọ́ ọmọ ogun. Kànrìnkàn tó bí i lè kú, odò lè gbẹ, omi lè di yìnyín, ẹ̀mí ṣì wà nínú kókó yẹn. Ọjọ́ tí omi bá padà dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì á gba ihò kékeré kan jáde, kànrìnkàn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ ọ ló ń jẹ́ orúkọ onílé. Ti Ephydatia ló rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ eléyín tí mo rí lọ́jọ́ yẹn. Ti Trochospongilla náà jọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ dán, kò léyín. Ti Spongilla lacustris tẹ̀ kọrọdọ, ó sì yọ ẹ̀gún kiri ara. Ọgbọ́n ìpamọ́ yìí ti pẹ́ láyé: ní agbègbè Chubut ní Patagonia, lórílẹ̀-èdè Argentina, wọ́n rí kànrìnkàn odò kan tó ti di òkúta pẹ̀lú gemmule rẹ̀, Palaeospongilla chubutensis, tó ti lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún.

Àwọn àgbà ní omi là ń tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí odò kan ṣe rí láyé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọjá lára omi lọ bá iyanrìn, torí omi tí a ń wò lónìí kò bá wọn débẹ̀ nígbà náà. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ omi ló ń dúró. Bí omi bá ń sáré, á yí òkúta. Bí ó bá dẹwọ́, á ju iyanrìn sílẹ̀. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú á rọra rọ̀ wálẹ̀. Filip Hjulström, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, ya àwòrán kan ní 1935 tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀. Ó fi hàn pé iyanrìn ló rọrùn jù fún omi láti ṣí kúrò nílẹ̀. Pé òkúta nira ju iyanrìn lọ, ìyẹn yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó kúnná ju iyanrìn lọ náà nira láti ṣí, nítorí ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ tó bá ti jókòó fi ń pẹ́ níbi tó jókòó sí.

Odò gan-an kì í ṣe olùpamọ́ rere. Ohun tó kọ lánàá ló ń pa rẹ́ lónìí. Ibi tí mo fẹ́ràn láti wà ni ibi tí odò ti kọ̀ sílẹ̀: odò tó ń lọ́ bí ejò á já ọ̀nà tuntun gba ọrùn ara rẹ̀ kọjá, á fi apá àtijọ́ sílẹ̀, apá náà á di adágún tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Lọ́dún tí odò bá kún àkúnya, á tún yà sí ilé àtijọ́ yẹn, á da iyanrìn díẹ̀ sí i, á padà lọ. Bí a bá ti ọ̀pá oníhò bọ ilẹ̀ irú ibẹ̀ tí a sì fà á jáde, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìpele ìpele: iyanrìn odò nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ adágún lórí rẹ̀, ìlà iyanrìn tín-ín-rín níbi tí ẹ̀kún omi ti kọjá, ewé jíjẹrà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tí gbòǹgbò koríko ti gba inú rẹ̀ kọjá.

A máa ń gé ọ̀pá ẹrẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́, bóyá sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, a ó bu díẹ̀ nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó sè é nínú nitric acid kí ewé, gbòǹgbò àti gbogbo ohun tó lè jẹrà lọ. Lẹ́yìn náà ni fífọ̀ kù: omi mímọ́, kí ó silẹ̀, kí a da omi kúrò, kí a tún fọ̀ ọ́, títí ásíìdì yóò fi tán. Iṣẹ́ yìí kò yá. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ á da abẹ́rẹ́ nù pẹ̀lú omi, nítorí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kì í tètè rọ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti mọ́, a ó kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kó gbẹ, a ó fi oje tó mọ́ gaara bò ó, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ara mi tí mo bá ti ka abẹ́rẹ́ 200 tí ojú ń dùn mí.

Kí ni kíkà yìí wá ń sọ? Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó mọ̀ ọ́n gbé. Ní Odò Uruguay ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Uruguaya corallioides ń gbé lára òkúta níbi tí omi ti ń ya mùúmùú. Líle ló le bí òkúta, nítorí kànrìnkàn tí kò le kò ní ṣẹ́kù níbẹ̀. Ní Brazil, ẹ̀wẹ̀, láwọn ìpínlẹ̀ bíi Minas Gerais, Goiás àti Mato Grosso do Sul, àwọn adágún kékeré wà tí kànrìnkàn ti gbé inú wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ wọn fi di ìpele odindi nísàlẹ̀. Spongillite ni wọ́n ń pe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wà á fi ṣe bíríkì tó ń fara da iná. Cecilia Volkmer-Ribeiro, onímọ̀ ọmọ Brazil, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí wò, orúkọ àwọn ẹ̀yà tó sì ń jáde níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà láti adágún dé adágún: Metania spinata, Radiospongilla amazonensis, Trochospongilla variabilis àtàwọn ìyókù wọn. Ẹni tó bá rí àwọn wọ̀nyí pọ̀ nínú ìpele kan ní ìdí láti rò pé omi tó dúró ló wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ìṣàn omi nìkan ni wọ́n ń jẹ́rìí sí. Minna Jewell, onímọ̀ kan, rìn káàkiri adágún àti odò ní àríwá ìlà-oòrùn Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1935. Ó fi hàn pé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní irú omi tó bá a lára mu, àti pé níbi tí sílíkà bá ti ṣọ̀wọ́n nínú omi, abẹ́rẹ́ máa ń tín-ín-rín. Ìyẹn ni pé sísanra abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè sọ ohun tí kànrìnkàn rí jẹ. Mo rò pé iṣẹ́ obìnrin yìí yẹ ní kíkà ju bí a ṣe ń kà á lọ.

Níhìn-ín ni mo ti ṣìnà. Ẹnìkan tó bá ka ohun tí mo ti kọ bọ̀ wá síhìn-ín á rò pé iṣẹ́ náà rọrùn: rí abẹ́rẹ́, dá ẹ̀yà mọ̀, sọ irú omi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pá ẹrẹ̀ tí mo sọ nípa rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìpele kan wà tó nípọn díẹ̀, iyanrìn pọ̀ níbẹ̀, mo sì ka ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ kànrìnkàn adágún nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé adágún tó dákẹ́ ló wà níbẹ̀ lásìkò yẹn. Mo ti fa ìlà sí i lábẹ́ pàápàá.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ka ìwé náà, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Mélòó ló pé nínú wọn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, kò yé mi."

"Abẹ́rẹ́ tí o kà. Mélòó ni orí àti ìdí rẹ̀ pé, mélòó ló ti kán?"

Mi ò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà ni mo kà, mi ò ka kíkán. Wọ́n ní kí n padà lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún gbogbo gíláàsì ìpele yẹn wò, ojú sì tì mí bí mo ṣe ń wò wọ́n. Abẹ́rẹ́ gígùn tó pé kò wọ́pọ̀ rárá. Àwọn tó kù ti kán sí méjì, ẹnu wọn ti yí róbótó bí òkúta inú odò. Lára àwọn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, eyín ti bọ́. Nígbà tí èsì kábọ́ọ̀nù 14, tí a fi ń mọ ọjọ́ orí ohun tó ti pẹ́, sì dé, ìpele náà dàgbà ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ wà nísàlẹ̀, bàbá wà lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí adágún kankan níbẹ̀ lásìkò náà. Odò ló kún, ó sì já bèbè kan lókè, bèbè tí adágún kan tó ti pẹ́ ju èyí lọ ti gbẹ sí. Ó kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ó gbé e wá, ó dà á síbi tí mo ti bá a. Gbogbo ẹlẹ́rìí tí mo fọkàn tán ló jẹ́ àlejò. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè ibi tó ti wá kí n tó bi í léèrè ohun tó mọ̀. Abẹ́rẹ́ tó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà ṣì tín-ín-rín gan-an, nítorí náà omi ń gbé e jìnnà bó ṣe ń gbé ẹrẹ̀, kò dà bí iyanrìn tó gùn bákan náà. Bí mo bá bá abẹ́rẹ́ tín-ín-rín nínú iyanrìn tó ṣe gbàǹgbà gbàǹgbà, mo ń fura: omi tó lágbára tó láti ju irú iyanrìn yẹn sílẹ̀ ì bá ti gbé abẹ́rẹ́ lọ. Mo ń wo bóyá abẹ́rẹ́ gígùn, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ àti abẹ́rẹ́ gemmule ẹ̀yà kan náà wà pa pọ̀, torí omi tó bá ru ẹrù máa ń ṣa ẹrù náà bí ẹni ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ìdílé tó pé kò sábà rìn jìnnà. Mo sì ń wo ihò tín-ín-rín tó gba àárín abẹ́rẹ́ kọjá, níbi tí okùn purotéènì wà nígbà kan. Bí ihò náà bá ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti ń jẹ abẹ́rẹ́ náà. Sílíkà tí kànrìnkàn ṣe kò lágbára tó òkúta quartz, bí omi bá sì ti dà bí omi eérú jù, tí pH rẹ̀, òǹkà tí a fi ń wọn kíkan omi, kọjá 9, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kíákíá. Nítorí náà, ìpele tí kò ní abẹ́rẹ́ kankan lè jẹ́ ibi tí kànrìnkàn kò gbé rí, ó sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n gbé tí omi jẹ wọ́n tán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ní gba wa ní àkókò púpọ̀. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìbí lára, ohun tó bá a sùn la ń bi. Ewé àti èédú ń fún wa ní kábọ́ọ̀nù 14, tó ń dín sí ìdajì ní gbogbo ọdún 5,730, tó sì ń tó wa lò dé nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn. Fún ẹrẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kẹ́yìn, òjé 210 ló dára jù, ọdún 22 péré ló fi ń dín sí ìdajì. Iyanrìn quartz pàápàá lè sọ ìgbà tí oòrùn kàn án kẹ́yìn. Dáyátọ́ọ̀mù, ohun tíntìntín bí ewéko inú omi tí èèpo tirẹ̀ náà jẹ́ sílíkà, àti àtíkè òdòdó máa ń wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú kànrìnkàn, nítorí ẹjọ́ tó dá lórí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìbéèrè onílé àti àlejò yìí ti jáde kúrò lódò, ó ti wọ inú ìkòkò. Lágbègbè Amazon, omi odò Rio Negro máa ń fi nǹkan bíi mítà mẹ́wàá ga sí i nítòsí ìlú Manaus ní Brazil lọ́dọọdún, ó sì máa ń bo igbó mọ́lẹ̀. Kànrìnkàn ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lábẹ́ omi náà. Bí omi bá fà, ẹni tó bá ń rìn nísàlẹ̀ á gbójú sókè, á sì rí kànrìnkàn gbígbẹ tó so rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí ilé ẹyẹ. Cauixi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá kan ara, á máa yún ènìyàn. Àwọn amọ̀kòkò àtijọ́ níbẹ̀ lo amọ̀ tí abẹ́rẹ́ yìí pọ̀ nínú rẹ̀, ìkòkò wọn sì lágbára. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tún wà ní Florida ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní St. Johns, wọ́n sì ti rí òmíràn ní Mali. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń jiyàn lé lórí ni èyí: ṣé amọ̀kòkò ló mọ̀ọ́mọ̀ sun kànrìnkàn tó sì po eérú rẹ̀ mọ́ amọ̀, àbí inú amọ̀ adágún ni abẹ́rẹ́ ti wà kó tó wà á? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àríyànjiyàn yẹn, ó dà bíi pé ẹnìkan ń ka ìwé àṣìṣe mi sókè. Àwọn náà ń béèrè bóyá abẹ́rẹ́ bá amọ̀ nílé ni, àbí wọ́n gbé e wá bá a.

Ibì kan tí ọgbọ́n gemmule kò ti ràn wá lọ́wọ́ ni Adágún Baikal ní Rọ́ṣíà, tó jìn ní mítà 1,642. Àwọn kànrìnkàn tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, bíi Lubomirskia baicalensis tó ń yọ ẹ̀ka bí igi, kì í ní gemmule rárá. Adágún tí kì í gbẹ, kí ni wọ́n fẹ́ fi apata ṣe? Nítorí náà abẹ́rẹ́ gígùn nìkan ni ẹni tó ń ka ẹrẹ̀ Baikal ní lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fojú sí ẹ̀gún àti sísanra rẹ̀ gidigidi kó tó dárúkọ ẹ̀yà. Láti nǹkan bíi 2011 ni àìsàn ti ń pa àwọn kànrìnkàn wọ̀nyí. Àwọ̀ ewé ara wọn ń ṣí, wọ́n ń jẹrà lórí ìdúró. Ó dùn mí púpọ̀. Abẹ́rẹ́ wọn ń rọ̀ wálẹ̀ báyìí sórí ẹrẹ̀, ní ìpele tí ẹnìkan máa wà lọ́jọ́ kan.

Èyí ló mú kí n máa bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lódò, ìbáà jẹ́ ẹja ni wọ́n ń wá, pé tí wọ́n bá rí kànrìnkàn lára òkúta, kí wọ́n mú díẹ̀, kí wọ́n kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kọ bí omi ṣe ń ṣàn, bó ṣe jìn, bó ṣe dọ̀tí. Àwa tó ń ka òkú kò lè kà á láìmọ alààyè. Wọ́n ti dí ọ̀pọ̀ odò kí ẹnikẹ́ni tó wo ara òkúta ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí omi ti ń ya mùúmùú tẹ́lẹ̀, omi dúró báyìí, ẹrẹ̀ ń bo òkúta, kànrìnkàn tó nílò òkúta mímọ́ kò sì ní ibi tí yóò di mú mọ́.

Ohun kan kù nípa ọ̀pá ẹrẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn tí mo tún ìpele àṣìṣe mi kà tán, olùkọ́ mi ní ásíìdì tí mo ń lò ń tú ìdílé ká. Wọ́n ní, "Tọ́jú díẹ̀ sápá kan, má sè é. Omi lásán ni kí o fi fọ̀ ọ́." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpele òkè, níbi tí ẹrẹ̀ dúdú ti ń parí tí ilẹ̀ koríko ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi asẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tú u. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i: gemmule kan, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin tó ti pẹ́, kò fọ́, kò fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀. Mo yí iná sókè. Àwọn ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gíláàsì yí i ká, wọ́n tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí èyí tó bọ́, eyín wọn mú, kò sí èyí tó kán. Mo wá ihò kékeré tí àwọn sẹ́ẹ̀lì máa ń gbà jáde. Ó ṣì dí. Eléyìí kì í ṣe àlejò. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń retí omi, ìpele tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí gbòǹgbò koríko kún inú rẹ̀.

Mo gbé e sórí gíláàsì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò kà á mọ́ àwọn tó kù.